Yìnyín Tí Kò Tíì Làágùn

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan kó yìnyín tó le bí òkúta ti oògùn tí kò gbọ́dọ̀ dì, nígbà tí wọ́n sì bi í léèrè, ó purọ́.

Kíá ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ìwà rẹ̀ ló fún un. Bí wọ́n bá ní kó fọ abọ́, á ti fọ̀ ọ́ tán kí ẹni tó rán an tó jókòó, oúnjẹ á sì ṣì wà létí abọ́. Bí wọ́n bá ní kó gbálẹ̀, á gbá a wéré, ìdọ̀tí á sì wà lábẹ́ àga. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé, "Iṣẹ́ ọmọ mi yìí yá, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló ń parí ẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní orílẹ̀-èdè tó bá tiwọn pààlà, tí ilé wó lu èèyàn mọ́lẹ̀, ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wọn kéde pé àwọn ń wá àwọn tó máa yọ̀ǹda ara wọn láti kó ẹrù ìrànlọ́wọ́ lọ. Kíá ti ṣe ìdánwò àṣejáde tán, èsì ló ń retí. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ló fẹ́ wọ̀. Ó sì ti gbọ́ pé ẹni tó bá lọ, tó sì ṣe dáadáa, ọ̀gá ilé ìwòsàn á kọ lẹ́tà tó máa mú lọ síbẹ̀ fún un. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni wọ́n ń gbà. Àbúrò ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó sì máa ṣáájú ikọ̀ náà, ló bá a bẹ̀bẹ̀.

"Mo fi orúkọ mi dúró fún ọ o," ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí. "Má jẹ́ kí n kábàámọ̀."

"Ẹ ò ní kábàámọ̀, Àǹtí. Ẹ ṣáà mọ̀ mí."

"Mo mọ̀ ọ́. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ gbéra. Yàrá ẹrù ilé ìwòsàn náà há. Páálí bisikíìtì tò dé àjà lápá kan, búláńkẹ́ẹ̀tì wà lápá kejì, fìríìsà àtijọ́ kan sì ń kùn ní kọ̀rọ̀ bí arúgbó tí wọ́n gba àga mọ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún Kíá: kúlà oògùn, àpótí tó ń mú oògùn tutù lójú ọ̀nà. Ogójì ìgò abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ ló máa wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ilé wó mọ́ oògùn wọn lórí, tí ṣúgà sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àwọn ló wà fún.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì mú ọ̀kan nínú àwọn ike pẹlẹbẹ tó wà nínú fìríìsà, àwọn ike tí wọ́n ti rọ omi sí, tí omi náà sì ti dì. Ó fi í lu tábìlì. Ó dún kó bí igi.

"O gbọ́ ọ? Òkúta nìyí. Tó o bá kó o ti oògùn báyìí, oògùn á dì. Abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ tó bá ti dì, ó ti kú nìyẹn. Tó bá yọ́, á mọ́ gaara lójú ẹ, o ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n òkú ni."

"Kí la máa wá ṣe sí i?"

"A máa dúró. A ó tò wọ́n sórí tábìlì títí wọ́n á fi làágùn. Tó o bá ti rí omi lára wọn, gbé e sétí kó o mì í. Tó o bá gbọ́ omi tó ń mì nínú ẹ̀, ó ti yá. Tó ò bá gbọ́ nǹkan kan, jókòó. Ó lè tó wákàtí kan. Lẹ́yìn náà kó o fi páálí dí àárín òun àti oògùn."

"Wákàtí kan, Àǹtí? Kí ni n ó wá máa ṣe?"

"Kó o jókòó. Iṣẹ́ ni ìjókòó náà."

Ó fi Kíá sílẹ̀, ó lọ gba ìwé tí wọ́n máa fi kọjá ní ẹnu ibodè.

Kíá to ike mẹ́jọ sórí tábìlì. Ó jókòó. Ó dìde. Ó gbé ọ̀kan sétí, ó mì í, kò gbọ́ nǹkan kan. Níta, ọkọ̀ akẹ́rù ti ń hó, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni ọ̀dọ́kùnrin kan yọjú. Fọ́tò ni àwọn yòókù ń pè é, nítorí fóònù kì í kúrò lójú rẹ̀. Bí iná bá ń jó ilé, á kọ́kọ́ yà á kó tó pọn omi.

"Kíá, ò ń bọ̀ àbí o ò bọ̀? Wọ́n ti fẹ́ ya gbogbo wa níwájú ọkọ̀. Ọ̀gá ilé ìwòsàn wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá sí nínú fọ́tò, kò lọ nìyẹn o."

"Àǹtí ní kí n dúró tì í."

"O fẹ́ dúró ti yìnyín? Yìnyín kì í sá lọ. Kó o sínú ẹ̀, jàre. Kí ló tún tutù ju kó tutù lọ?"

Ìyẹn náà yé Kíá. Bí nǹkan bá fẹ́ tutù, kò lè tutù jù. Ó kó àwọn ike náà sínú kúlà, ó to ìgò oògùn sáàárín wọn, ó dé e, ó sì sáré jáde. Páálí tó yẹ kó fi dí àárín wọn wà lórí àga. Ike náà kò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí tábìlì.

Fọ́tò tí wọ́n yà níwájú ọkọ̀ náà dára gan-an. Kíá ló dúró sí àárín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n dé ẹnu ibodè. Aṣọ́bodè ní kí wọ́n ṣí gbogbo ẹrù. Àǹtí Nọ́ọ̀sì wà lọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé rẹ̀, nítorí náà Kíá ló ṣí kúlà. Ojú rẹ̀ lọ sára ìgò àkọ́kọ́, ó sì dúró síbẹ̀. Ìgò náà ti funfun bí ojú ẹja tí wọ́n sè. Ó mú èkejì. Ó mú ẹ̀kẹta. Ó tú gbogbo rẹ̀ wò. Kò sí èyí tí kò dì. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo òtútù, tó yẹ kó wà láàárín méjì sí mẹ́jọ, ti lọ sísàlẹ̀ òdo.

Aṣọ́bodè wò ó fìrí, ó ní kó dé e. Kò mọ nǹkan tó ń wò.

Kíá pe Fọ́tò sí ẹ̀yìn ọkọ̀. "Oògùn ti dì."

"Kó o tún un yọ́. Omi tó dì, ṣé kì í yọ́ ni?"

"Àǹtí ní tó bá ti dì, ó ti kú."

"Àǹtí ẹ ń kó ẹ láyà jẹ ni, kó o lè jókòó sójú kan. Gbọ́, bó o bá sọ ọ́, wọ́n á dá ọ padà láti ibí. Gbàgbé lẹ́tà yẹn nìyẹn."

Kíá kó àwọn ike jáde. Ó fi aṣọ òtútù rẹ̀ wé àwọn ìgò náà, ó gbé wọn sínú oòrùn. Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n ti yọ́, wọ́n mọ́ gaara. Ó mú ọ̀kan sókè wò. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó dá gbogbo rẹ̀ padà, ó dúró kí ẹ̀rọ náà gòkè dé márùn-ún, ó wá mú bébà tí wọ́n ń kọ òtútù kúlà sí ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà. Ó kọ márùn-ún síbi gbogbo tó ṣófo.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì dé. "Òtútù ńkọ́?"

"Márùn-ún ni, Àǹtí."

"Àwọn ike yẹn làágùn dáadáa kó o tó kó wọn sínú ẹ̀?"

"Wọ́n làágùn. Mo gbọ́ omi nínú wọn."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "O ṣeun. O ti ń dàgbà." Ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bébà náà.

Pápá ilé-ìwé kan ni wọ́n pàgọ́ sí. Ibodè nìkan ló pín ìlú náà níyà sí tiwọn, èdè kò pín wọn, nítorí náà kò sẹ́ni tó nílò ògbufọ̀. Lápá òsì pápá ni ilé tó ti wó wà: ilẹ̀kùn tó dúró láìní ògiri, bẹ́ẹ̀dì tó rọ̀ létí àjà. Lápá ọ̀tún ni àgọ́ ọgọ́rùn-ún kan. Kúlà náà kò wà fún ibẹ̀ nìkan. Ilé ìwòsàn ìlú tó wà níwájú ló máa gba èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n òkè ti ya dí ọ̀nà. Ní àgọ́ tiwọn, obìnrin kan ṣoṣo ló ń gba abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ.

Aránṣọ ni. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó jókòó sẹ́nu àgọ́ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kan tí àwọn ará àdúgbò bá a hú jáde lábẹ́ ògiri. Aṣọ àgọ́ tó ya ló ń rán, ó sì ń rán aṣọ fún àwọn ọmọ tí tiwọn ti bá ilé lọ.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ń pè ní Kíá?" ló bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Èmi ni, Màmá."

"Wá bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́, kíá. Ojú mi ti fẹ̀yìn tì. Ó ku èmi nìkan lẹ́nu iṣẹ́."

Kíá rẹ́rìn-ín, ó fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀.

"Ọkọ mi kú ṣáájú ilé," ni Aránṣọ sọ fún un. "Ilé wá tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ ọmọ mi mẹ́rin ló kù, àti ẹ̀rọ yìí, àti ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí." Ó fọwọ́ lu itan rẹ̀ bí ẹni ń yin ẹran ọ̀sìn rere. "Òun ló ń bọ́ gbogbo wa. Ọwọ́ lásán ń darí aṣọ ni. Ẹsẹ̀ ló ń rán an."

Ìṣó ti gún ẹsẹ̀ náà lọ́jọ́ tí ilẹ̀ mì. Àǹtí Nọ́ọ̀sì fọ ojú egbò náà, ó dì í, ó sì ń fún un ní abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ó yẹ kí ṣúgà máa wálẹ̀. Ńṣe ló ń gòkè. Aránṣọ ń mu omi bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, ó sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Àǹtí Nọ́ọ̀sì fi kún abẹ́rẹ́. Kò yí padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, níwájú àwọn tó tò láti gba oògùn, ó wo nọ́ńbà ẹ̀rọ ṣúgà, ó mí kanlẹ̀.

"Màmá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Bisikíìtì dídùn tí a pín, ṣé ẹ jẹ ẹ́ ni?"

"Mi ò jẹ ẹ́, Nọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ ni mo fún."

"Ẹ̀rọ yìí kì í purọ́, Màmá."

"Èmi náà kì í purọ́."

Ẹnì kan láàárín èrò sọ pé, "Ẹ fi Màmá sílẹ̀. Òru ni bisikíìtì dùn jù." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìborùn rẹ̀, ó dìde, ó lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Màmá Bisikíìtì ni àwọn ọmọ ń pè é.

Kíá ló di ọmọrí kúlà mú ní gbogbo àkókò yẹn. Ó dé kúlà náà pa.

Ó wá Fọ́tò lọ. "Màmá yẹn kò jẹ nǹkan kan. Oògùn ni."

"O fẹ́ sọ ọ́ báyìí? Lẹ́yìn tí Àǹtí ẹ ti fọwọ́ sí bébà? Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun náà. Ìwọ lo máa bà á jẹ́ fún un." Ó tún gbé fóònù rẹ̀ sókè. "Ọjọ́ mélòó ló kù ká lọ? Dákẹ́ jẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣàánú èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń rí. Kíá dákẹ́ lọ́jọ́ kẹrin. Ó dákẹ́ lọ́jọ́ karùn-ún àti ìkẹfà. Òwú ló ń fi bọ abẹ́rẹ́, kì í sì í wo ojú ẹni tó ń gbà á.

Lọ́jọ́ keje, Aránṣọ fọwọ́ pè é wọ inú àgọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò dún láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ọmọ mi, gbé imú ẹ wá síbí. Ṣé ẹsẹ̀ yìí ń rùn, àbí imú mi ló ń tàn mí jẹ?"

Ó tú aṣọ tó fi wé e. Kíá kò tíì bẹ̀rẹ̀ kí òórùn náà tó pàdé rẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta ti dúdú bí èédú, pípọ́n ojú egbò sì ti gòkè dé ọrùn ẹsẹ̀.

"Ìgbà wo ló ti rí báyìí, Màmá? Kí ló dé tẹ́ ò fi han Àǹtí?"

"Ó di ọjọ́ mẹ́ta. Èmi fúnra mi ni mo ń dì í." Aránṣọ wo ilẹ̀. "Mi ò fẹ́ kó tún sọ lójú èrò pé bisikíìtì ni."

Kíá jáde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Ó bá Àǹtí Nọ́ọ̀sì níbi tó ti ń ká báńdéèjì.

"Àǹtí, àwọn ike yẹn kò làágùn."

"Ike wo?"

"Ike inú kúlà. Mi ò dúró. Gbogbo oògùn yẹn dì. Mo rí i ní ẹnu ibodè, mo tún un yọ́ nínú oòrùn. Mo kọ márùn-ún."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì jókòó sórí páálí. Báńdéèjì náà tú, ó yí lọ sílẹ̀. Kò pariwo. Ìbá sàn fún Kíá ká ní ó pariwo.

"Ọjọ́ mélòó la ti débí?"

"Méje."

"Lọ́jọ́ kẹrin, mo pe ìyá yẹn lópùrọ́ lójú èrò. O wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀, Àǹtí. Ẹ wá wo ẹsẹ̀ wọn. Ó ti dúdú."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti dìde kí Kíá tó parí ọ̀rọ̀.

Kó tó kan ẹsẹ̀ náà, Àǹtí Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ sẹ́nu àgọ́, níbi tí gbogbo èrò ti lè rí i. "Màmá, ẹ ò jẹ bisikíìtì. Oògùn tí mo ń fún yín ló ti kú. Èmi ni mo purọ́ mọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mo sọ fún yín," ni Aránṣọ wí. Ó wá wo Kíá, tó dúró lẹ́yìn, tó ń sunkún. Ó wò ó pẹ́. "Ọmọ tó ń bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́," ló sọ. Kò tún pè é mọ́ láti ọjọ́ náà.

Àwọn sójà tó ń ṣọ́ pápá náà fi rédíò ránṣẹ́. Ọkọ̀ òfúrufú kékeré gbé oògùn tuntun àti dókítà kan wá lọ́jọ́ kejì. Dókítà náà wo ẹsẹ̀, ó béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, ó mi orí. Ó ní ká ní òun rí i lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ ìka nìkan lòun máa gé. Ìsàlẹ̀ orúnkún ló ti gé e. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni.

Wọ́n wọ ọkọ̀ tó gbé wọn padà sílé. Fọ́tò jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé òun kò mọ nǹkan kan nípa kúlà. Nígbà tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń kọ ìròyìn ìrìn àjò náà, Kíá dúró tì í.

"Àǹtí, ẹ lè kọ ọ́ pé ọ̀nà tí kò dára ló fà á. Kí wọ́n má bàa fìyà jẹ yín."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì gbé bírò sókè kúrò lórí ìwé. "Kíá, ṣé ẹsẹ̀ kan kò tíì tó ọ ni?"

Ó kọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ikọ̀ ìrànlọ́wọ́, nítorí òun ló fọwọ́ sí bébà, òun náà ló sì mú ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pé wọlé. Lẹ́tà tí Kíá ń retí kò wá. Kò béèrè rẹ̀.

Ọjọ́ kan, ó sọ fún Àǹtí Nọ́ọ̀sì pé ká ní òun dúró ti yìnyín, gbogbo rẹ̀ kì bá tí ṣẹlẹ̀.

"Rárá," ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì dáhùn. "Má fi ìyẹn tan ara ẹ. Ìkánjú ẹ pa ogójì ìgò oògùn. Oògùn, a lè rí òmíì. Ọjọ́ kan péré ló gbà wá. Bó o bá ti sọ ọ́ ní ẹnu ibodè, n bá bá ẹ wí títí, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tó o fi dákẹ́ ló gé ẹsẹ̀ ìyá yẹn."

Ohun tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á yóò mú dání nìyẹn. Kò sí ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé ìtìjú yín nìkan ló máa ná yín. Bó bá pẹ́, ẹlòmíì ló máa san án.

Awakọ̀ tó gbé wọn lọ ṣì máa ń kó ẹrù gba ibodè yẹn kọjá. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó rí Aránṣọ. Ó ní ó ṣì jókòó nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń yí àgbá ẹ̀rọ náà báyìí, ọwọ́ òsì nìkan ló kù fún aṣọ, ó sì ní láti dúró lẹ́yìn ìwọ̀nba ojú abẹ́rẹ́ díẹ̀ kó tó tún aṣọ náà tò. Aṣọ ilé-ìwé mẹ́rin ló ń rán lójúmọ́ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń rán ẹyọ kan.